Sẹ́ńsọ̀ wo ló yẹ ẹ̀rọ wo? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àìsàn ẹ̀rọ kó tó dákẹ́

Ẹni tó ń ta sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ ńlá láti máa wọn bó ṣe ń gbọ̀n tàbí bó ṣe ń gbóná, á kọ́kọ́ gbé fóònù síwájú yín: ìlà aláwọ̀ ewé ń lọ, ìlà pupa ń bọ̀, orúkọ ẹ̀rọ yín wà lókè, ó dùn ún wò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn á wá béèrè pé, "Èwo ló dára jù nínú wọn?" Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun méjì ni màá kọ́kọ́ béèrè nípa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: kí ló sábà máa ń bà á jẹ́, àti pé láti ìgbà tí àmì àkọ́kọ́ bá ti yọ, ọjọ́ mélòó ló máa ń kù kó tó dákẹ́? Ẹni tó bá lè dáhùn méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tán. Ẹni tí kò bá lè dáhùn lè náwó gan-an, kó sì jẹ́ pé ibi tí kò dun ẹ̀rọ ló ń fọwọ́ bà.

Ẹ̀rọ tó ń yí ni mo ní lọ́kàn: mọ́tò iná, pọ́ńpù, fáànù ńlá, gíábọ́ọ̀sì àtàwọn ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Àwọn ló pọ̀ jù nílé iṣẹ́, àwọn náà sì ni sẹ́ńsọ̀ gbọ́ èdè wọn jù.

Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ so nǹkan mọ́ ọn?

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà láti tọ́jú ẹ̀rọ. Sẹ́ńsọ̀ tó ń gbé ara ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn.

Ẹ lè jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tó fi máa bàjẹ́, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí bíi pé ìwà ọ̀lẹ ni. Irọ́ ni. Fáànù kékeré tó ní ìkejì lórí pẹpẹ, tí èèyàn kan lè pààrọ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí dídákẹ́ rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára tí kò sì dá iṣẹ́ dúró, kí lẹ fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ ṣe lára rẹ̀? Ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ẹ sì lè tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà: oṣù mẹ́ta pé, ẹ tú u, ọdún kan pé, ẹ pààrọ̀ bẹ́rìn, ìyẹn òrùka irin oníbọ́ọ̀lù tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọ̀gá wa la ti bá ọ̀nà yìí, ó sì dà bí ọgbọ́n, torí lójú wa, ohun tó bá ti pẹ́ ló yẹ kó bàjẹ́. Àmọ́ lọ́dún 1978, F. Stanley Nowlan àti Howard Heap, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ United Airlines, kọ ìròyìn kan fún Iléeṣẹ́ Ètò Ààbò Amẹ́ríkà lórí bí ẹ̀yà ara ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń bàjẹ́. Ìdá 11 péré nínú 100 ni wọ́n rí tí ewu bíbàjẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i bó ṣe ń pẹ́. Ìdá 68 ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í síbẹ̀ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ á wá balẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Conrad Waddington, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń bá RAF Coastal Command, ẹ̀ka iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú, ṣiṣẹ́ ní Britain, ti kíyè sí i pé kété lẹ́yìn àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nítorí pé àkókò rẹ̀ tó ni ọkọ̀ òfuurufú máa ń ṣàìsàn jù. Ọwọ́ tó tú ẹ̀rọ tí nǹkan kan kò ṣe ló kó àrùn ràn án.

Ẹ má torí èyí sọ kàlẹ́ńdà nù o. Ilé iṣẹ́ kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Abẹ pọ́ńpù tí yanrìn ń jẹ, bẹ́líìtì tó ń gbó, fílítà tó ń dí, bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni wọ́n ń tán lọ, kàlẹ́ńdà sì bá wọn mu. Bẹ́rìn ni kàlẹ́ńdà kò mọ̀ rárá. Bẹ́rìn méjì tó jáde nínú páálí kan náà lè wọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan lo ọdún méjì, kí èkejì lo mẹ́jọ.

Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù pín sí méjì, ibẹ̀ sì ni ìfiwéra gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí òṣìṣẹ́ máa gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ́wọ́, kó máa yí gbogbo ilé iṣẹ́ po lóṣooṣù, àbí kí sẹ́ńsọ̀ dúró lára ẹ̀rọ, kó máa fi ohun tó bá gbọ́ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀? Èèyàn tó ń rìn kiri yẹn ń ṣe ohun tí sẹ́ńsọ̀ kò lè ṣe. Á rí ọ́ìlì tó ń kán sílẹ̀, á gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, á rí bóòtù tó ti tú. Ẹ̀rọ ìwọ̀n kan ṣoṣo sì lè wo ọgọ́rùn-ún mọ́tò. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ìlànà tó ń bá mi yanjú rẹ̀ rọrùn: ẹ rí i pé ẹ wọn ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán, láàárín àmì àkọ́kọ́ àti ìdákẹ́. Bí àìsàn rẹ̀ bá máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta kó tó dá a wó, rírìn lóṣooṣù ti tó. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ń rìn lóṣooṣù lè kọjá níbẹ̀ lónìí kó má rí nǹkan kan, kó sì padà wá bá òkú. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ń wá sẹ́ńsọ̀. Bákan náà ni èyí tó wà níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn kò yẹ kó dé: orí ilé gogoro, inú ooru, ẹ̀yìn ọgbà irin tí wọ́n fi dáàbò bo ṣáàfù. Ẹ fi èyí tí kò ní arọ́pò kún un, tó jẹ́ pé bó bá dákẹ́, gbogbo ilé dákẹ́ nìyẹn.

Gbígbọ̀n, ìgbóná, iná, ariwo àti ọ́ìlì

Ẹ jẹ́ ká dúró sídìí bẹ́rìn kan díẹ̀, torí òun ló máa fi ìyàtọ̀ hàn. Ká ní mọ́tò iná kan ń yí pọ́ńpù lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀dógún lọ́nà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 1500, tó jẹ́ ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́rìn rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án. Lábẹ́ awọ irin òrùka ìta, níbi tí ojú kò tó, irin bẹ̀rẹ̀ sí í là. Nígbà tó bá yá, ègé irin kékeré kan á ṣí kúrò níbẹ̀, kòtò bíńtín á wà. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá kọjá á máa já sínú kòtò yẹn, á máa lù ú. Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ máa ń fi ṣe é ní kíákíá ni 0.4 nígbà iye bọ́ọ̀lù nígbà iye ìyípo: 0.4 × 9 × 25, ìyẹn nǹkan bí ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ òrùka inú ló ní kòtò, 0.6 la máa fi rọ́pò 0.4, ó máa jẹ́ nǹkan bí 135.

Ẹ wò ó dáadáa: 90 kì í ṣe ìlọ́po 25, bẹ́ẹ̀ ni 135. Bí ìwúwo ohun tó ń yí kò bá dọ́gba yíká, 25 gan-an ló máa ń yọ. Bí ṣáàfù mọ́tò àti ti pọ́ńpù kò bá wà lójú ìlà kan náà, 50 sábà máa ń bá 25 jáde. Nítorí náà, sẹ́ńsọ̀ tó lè ya ìgbọ̀n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣẹlẹ̀ á sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ, kò ní mọ sí pé ara rẹ̀ kò yá. Èyí tó ń fúnni ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ìyẹn nọ́ńbà àpapọ̀ gbogbo ìgbọ̀n, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí àìsàn yìí ṣe ń lọ nìyí. Níbẹ̀rẹ̀, lílù yẹn kéré débi pé kò sí nínú nọ́ńbà àpapọ̀, àmọ́ ó ń mú kí irin dún lókè réré, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ ohùn òkè nìkan ló mọ̀. Lẹ́yìn náà ni 90 á fara hàn gbangba. Tó bá yá, nọ́ńbà àpapọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìgbóná á tó dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni etí èèyàn á gbọ́, èéfín ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá gbára lé ìgbóná nìkan láti mọ̀ nípa bẹ́rìn ń dúró de ìgbà tí ọ̀ràn ti bọ́ sórí. Àìsàn ló ṣeé wò, a ò rí t'ọlọ́jọ́ ṣe.

| Ohun tí ẹ ń wọ̀n | Ohun tó tètè ń gbọ́ | Ibi tí kò ti ríran |
|---|---|---|
| Gbígbọ̀n, nọ́ńbà àpapọ̀ | Ìwúwo tí kò dọ́gba, ṣáàfù tó yà, bóòtù tó tú | Bẹ́rìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là |
| Gbígbọ̀n tí a tú sí wẹ́wẹ́ | Bẹ́rìn, eyín gíà, gbogbo ti òkè yẹn | Ẹ̀rọ tó ń yí jẹ́jẹ́, ìyára tó ń yí padà |
| Ìgbóná | Iṣẹ́ àṣejù, ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó dí, ojú wáyà tí kò mú dáadáa | Bẹ́rìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn |
| Iná tí mọ́tò ń fà | Pọ́ńpù tó ń yí lásán láìsí omi, bẹ́líìtì tó já, ọ̀pá tó ṣẹ́ nínú ọkàn mọ́tò | Bẹ́rìn kékeré |
| Ariwo tí etí kò gbọ́ | Afẹ́fẹ́ tó ń jò, gíríìsì tó gbẹ, bẹ́rìn tó ń yí jẹ́jẹ́ | Ìwúwo tí kò dọ́gba |
| Ọ́ìlì | Irin tó ń jẹ nínú gíábọ́ọ̀sì, omi tó wọlé | Ohun tí ọ́ìlì kò kàn |

Fún gbígbọ̀n, ìlànà àgbáyé wà tẹ́ ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ISO 10816 àtijọ́, tí ISO 20816 ń rọ́pò, mọ́tò iná kékeré tí agbára rẹ̀ kò ju 15 kW lọ wà ní ipò tó dára jù bí ìgbọ̀n rẹ̀ kò bá ju 0.71 mm/s (mìlímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ. Títí dé 1.8, ó ṣeé lò lọ títí. Láti ibẹ̀ dé 4.5, ẹ múra àtúnṣe; ohun tó bá ju ìyẹn lọ léwu. Mo fẹ́ràn àwọn nọ́ńbà yìí fún ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wé ara rẹ̀. Mọ́tò tó ti ń gbọ̀n ní 1.6 látọjọ́ tó ti dé, tí kò kúrò níbẹ̀, kò bà mí lẹ́rù. Èyí tó wà ní 0.5 lóṣù tó kọjá tó wá di 1.5 lónìí ṣì wà lábẹ́ ìlà tí ìwé fà, ṣùgbọ́n òun ni màá lọ wò.

Ẹ má wá tìtorí bẹ́rìn tẹ́ńbẹ́lú ìgbóná. Ó rọ àwọn tó ń rà á lọ́rùn, kò sì le kà. Wáyà tí wọ́n wé sínú mọ́tò iná ni ọ̀rẹ́ rẹ̀: ìlànà tí àwọn onímọ́tò ti ń lò tipẹ́ ni pé bí ìgbóná wáyà bá fi ìwọ̀n Celsius mẹ́wàá ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ ayé ohun tó bo wáyà náà á dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Mọ́tò tí eruku ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n jù, ó kàn ń gbóná ni, títí ọjọ́ tó máa jó.

Iná tí mọ́tò ń fà ni èyí tí wọn kì í sábà dárúkọ, òun ni mo sì máa ń gbè lẹ́yìn jù. Inú pánẹ́ẹ̀lì lẹ máa so ó sí, kò sídìí láti sún mọ́ ẹ̀rọ rárá. Pọ́ńpù tó wà nísàlẹ̀ kànga jíjìn, ta ló fẹ́ lọ lẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọn lára níbẹ̀? Iná tó ń fà ló máa sọ pé omi ti tán, pé nǹkan há a lọ́fun, tàbí pé ṣáàfù ti já tí mọ́tò sì ń yí lófo. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ aṣàtúnṣe ìyára yí mọ́tò, iná náà á dàrú díẹ̀, kíkà á á sì le. Bẹ́rìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là náà kì í hàn níbẹ̀ dáadáa.

Ti ọ́ìlì, ọ̀nà méjì ló wà: ẹ lè bu díẹ̀ sínú ìgò lọ sí yàrá àyẹ̀wò, tàbí kí sẹ́ńsọ̀ dúró sínú páìpù. Yàrá àyẹ̀wò á sọ irú irin tó wà nínú rẹ̀, bóyá ti bẹ́rìn ni tàbí ti gíà. Sẹ́ńsọ̀ kò sábà mọ èyíinì, àmọ́ á sọ ọjọ́ tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Gíábọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ jẹ́jẹ́ nílò méjèèjì: sẹ́ńsọ̀ á ní ẹ tètè bu ọ́ìlì, ìgò á sọ ìdí rẹ̀.

Irú sẹ́ńsọ̀ gbígbọ̀n, àti ibi tẹ́ ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Èyí àtijọ́ ń lo òkúta tó máa ń mú iná jáde nígbà tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń gbọ́ ohùn òkè dáadáa, tó 10,000 Hz (Hz ni iye ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Èkejì ni MEMS, ègé sílíkọ́ọ̀nù bíńtín tí wọ́n gbẹ́ sínú ṣíìpù, irú èyí tó wà nínú fóònù. Kò wọ́n, kò jẹ bátìrì púpọ̀, ó sì lè gbọ́ ìgbọ̀n tó lọ́ra gan-an, títí dé 0 Hz. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni etí wọn kò dé òkè tó ti òkúta. Ẹ béèrè iye Hz tó ń gbọ́ dé. Bí ìwé rẹ̀ bá sọ 1,000 Hz, ẹ má retí kó gbọ́ bẹ́rìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, ohun yòówù kí olùtajà sọ.

Mo tiẹ̀ rò pé àwọn èèyàn ń ṣàníyàn jù lórí irú sẹ́ńsọ̀, tí wọ́n sì ń fojú kéré bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Sẹ́ńsọ̀ olówó gọbọi tí wọ́n fi òòfà lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tó ti ń ṣí kò lè gbọ́ ohun tí sẹ́ńsọ̀ kékeré tí wọ́n fi bóòtù dè máa gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa ni pé kí wọ́n ha ọ̀dà kúrò títí irin fi yọ, kí wọ́n mú ojú ibẹ̀ tẹ́jú, kí wọ́n lu ihò, kí wọ́n fi òwú bóòtù sí i, kí wọ́n pa gíríìsì díẹ̀ sáàárín, kí wọ́n wá dè é le bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ. Bí ẹ kò bá lè lu ihò, gọ́ọ̀mù líle ló tẹ̀ lé e. Òòfà ló kẹ́yìn. Ibi tó sún mọ́ bẹ́rìn jù ni kó wà, lórí irin tó nípọn. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbòrí fáànù lẹ́yìn mọ́tò, bó ti wù kí ibẹ̀ rọrùn tó, torí páànù yẹn ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, òun lẹ máa máa wọ̀n.

Wáyà tàbí afẹ́fẹ́

Ohun tó ń pinnu èyí ni bí ọ̀rọ̀ tí sẹ́ńsọ̀ fẹ́ sọ ṣe gùn tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Àwòrán ìgbọ̀n kan tó ṣeé tú sí wẹ́wẹ́ lè ní ojú àmì 16,384 ní ìhà mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba báìtì 2; ìyẹn jẹ́ 98,304 báìtì. LoRaWAN, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ rédíò kan tí àmì rẹ̀ lè rin kìlómítà mélòó kan tí bátìrì rẹ̀ sì lè pẹ́ fún ọdún, kò gbé ju 51 báìtì lọ lẹ́ẹ̀kan ní Yúróòpù nígbà tó bá wà ní ìwọ̀n tó lọ́ra jù. Ìyẹn tó 1,928 ìfiránṣẹ́ fún àwòrán kan ṣoṣo, òfin rédíò ibẹ̀ kò sì gbà kó máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Nítorí náà, LoRaWAN wà fún nọ́ńbà: ìgbóná, ìgbọ̀n àpapọ̀, iná. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó fún bẹ́rìn, sẹ́ńsọ̀ náà gbọ́dọ̀ lè ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, kó sì fi èsì nìkan ránṣẹ́.

Wi-Fi máa gbé àwòrán náà láìsí wàhálà, àmọ́ ó ń jẹ bátìrì, inú ilé tí irin kún sì máa ń fi àmì rẹ̀ ṣeré. Bluetooth kò jẹ bátìrì púpọ̀, kò sì lọ jìnnà, nítorí náà ẹ máa nílò àpótí agbàránṣẹ́ nítòsí àwọn ẹ̀rọ. WirelessHART, tó jáde lọ́dún 2007, jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ kan gba ọ̀rọ̀ kọjá lára òmíràn, tí ọ̀nà kan bá dí, kó gba ibòmíràn. Ilé iṣẹ́ epo àti kẹ́míkà ló wọ́pọ̀ sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù dára fún pọ́ńpù kan tó dá wà nínú oko.

Wáyà kò tíì kú. 4–20 mA, ìyẹn iná kékeré tí sẹ́ńsọ̀ ń fi gba inú wáyà sọ ohun tó wọ̀n, ti pẹ́, ó sì ní ọgbọ́n kan tó wù mí: 4 ló dúró fún òdo, nítorí náà bí ẹ bá ka 0, wáyà ló já. Sẹ́ńsọ̀ aláìníwáyà tí kò sọ̀rọ̀ lè jẹ́ pé bátìrì rẹ̀ ló tán, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù ló dúró síwájú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó ti já bọ́. Fún ẹ̀rọ tó jẹ́ pé àmì ìgbọ̀n ló gbọ́dọ̀ pa á kó má bàa fọ́, bíi tọ́báìnì, mi ò ní gbà kí ohunkóhun bí kò ṣe wáyà ṣe é.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: sẹ́ńsọ̀ oníbátìrì máa ń sùn. Ó lè jí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí mẹ́rin, kó wọ̀n, kó tún sùn padà. Bí pọ́ńpù yín bá jẹ́ irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó sì ń sinmi fún wákàtí kan, ọ̀pọ̀ ìgbà tó bá jí, pọ́ńpù tó ń sinmi ló máa bá. Ojú fóònù á tutù minimini, gbogbo nǹkan á jẹ́ àwọ̀ ewé. Ẹ ra èyí tó lè mọ̀ pé ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí kó tó wọ̀n ọ́n.

Ta ló máa sọ pé ewu ti dé?

Ìlà tí a fọwọ́ fà, ìyẹn "bó bá kọjá ibí yìí kó ké sí mi," ló rọrùn jù, òṣìṣẹ́ sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí ẹrù rẹ̀ ń yí padà á máa kọjá ìlà láìṣàìsàn. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ìṣe ẹ̀rọ á mọ̀ pé ìgbọ̀n yìí bá ìyára yìí mu, á sì dákẹ́. Ìlérí àwọn tó ń tà á máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á ní ó máa sọ iye ọjọ́ tó kù fún ẹ̀rọ. Láti kọ́ ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ ti rí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ kan náà tó bàjẹ́ lọ́nà kan náà. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú nǹkan dáadáa kì í ní òkú ẹ̀rọ tó pọ̀ tó láti fi kọ́ni. Èyí tó ń sọ pé "ìwà ẹ̀rọ yìí ti yàtọ̀ sí tàná" ṣeé gbà gbọ́. Èyí tó ní "ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù," ẹ ní kó fi ẹ̀rí hàn.

Ìkìlọ̀ èké ló ń pa iṣẹ́ yìí ju ohunkóhun lọ. Bí ẹ bá ní sẹ́ńsọ̀ igba, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ké lásán lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ìkìlọ̀ èké méjì lẹ máa máa rí lójoojúmọ́. Kò ní pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ á fi pa ohùn rẹ̀. Fún ìdí èyí, sẹ́ńsọ̀ ogún tí ẹnì kan ń dá lóhùn sàn lójú mi ju igba tó ń ké sínú òfìfo. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gba ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, kẹ́ ẹ kọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe, kí èyí sì di iṣẹ́ nínú ìwé iṣẹ́, kó má parí sórí fóònù. Bí wọ́n bá sì yọ bẹ́rìn kan jáde nítorí ìkìlọ̀, ẹ gé e, kẹ́ ẹ wo òrùka rẹ̀. Bí kòtò bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e sórí tábìlì kí gbogbo ènìyàn rí i. Bí kò bá sí, ìlà yín ti sún mọ́lẹ̀ jù, ẹ gbé e sókè díẹ̀.

Ibi tí ìṣirò máa ṣẹlẹ̀, àti ilẹ̀kùn tó ń ṣí sílẹ̀

Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá dúró ṣinṣin, kí ìṣirò wà lórí sáfà olùtajà kò burú, torí á máa tún un ṣe fún yín. Bí kò bá dúró, ẹ wá èyí tí àpótí inú ilé iṣẹ́ yín ń ṣe ìṣirò, tó ń tọ́jú détà pamọ́ nígbà tí ìlà bá já, tó sì ń fi í ránṣẹ́ nígbà tó bá padà. MQTT, tí púpọ̀ nínú wọn fi ń sọ̀rọ̀, ọdún 1999 ni wọ́n ti ṣe é, fún páìpù epo tó ń gba sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, nítorí náà ìlà tí kò dára kì í ṣe àjèjì sí i.

Ti ààbò ńkọ́? Stuxnet, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí ayé mọ̀ nípa rẹ̀ lọ́dún 2010, ti fi hàn pé ètò kọ̀ǹpútà lè ba ẹ̀rọ gidi jẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka nǹkan kò nílò àṣẹ láti yí nǹkan kan padà. Ẹ jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń darí ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá láti páálí padà. Níbi tí gáàsì tàbí eruku tó lè gbiná bá wà, sẹ́ńsọ̀ tí kò ní ìwé ẹ̀rí ATEX tàbí IECEx kò gbọ́dọ̀ wọlé, bó ti wù kó dára tó.

Bí èmi bá ń rà á

Màá fi wáyà àti sẹ́ńsọ̀ olókùúta sára ẹ̀rọ ńlá kan tàbí méjì tí kò ní arọ́pò. Pọ́ńpù àti fáànù tó tẹ̀ lé e ni màá so sẹ́ńsọ̀ aláìníwáyà mọ́, tó ń wọn gbígbọ̀n àti ìgbóná pọ̀, tó sì lè fi àwòrán kíkún ránṣẹ́ nígbà tí mo bá béèrè. Inú pánẹ́ẹ̀lì àwọn pọ́ńpù tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni màá ti ka iná. Èyí tó ṣẹ́ kù, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ọwọ́ yí wọn po, kẹ́ ẹ sì fi àwọn kéékèèké sílẹ̀ títí wọ́n á fi kú.

Ṣé kẹ́ ẹ ra odindi ètò lọ́wọ́ ẹnì kan, àbí kẹ́ ẹ to tiyín jọ fúnra yín? Bí ẹ bá ní ẹnì kan nílé tó mọ kọ̀ǹpútà, tó mọ ẹ̀rọ, tí kò sì ní lọ lọ́dún tó ń bọ̀, títò ó jọ á fún yín lómìnira. Bí ẹni yẹn bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ rà á. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi olùtajà bóyá ẹ lè gba àwòrán ìgbọ̀n gan-an lọ sínú kọ̀ǹpútà tiyín, kì í ṣe nọ́ńbà àwọ̀ ewé àti pupa nìkan. Ẹ bi í bóyá a lè pààrọ̀ bátìrì, àbí sẹ́ńsọ̀ náà máa di ìdọ̀tí bí bátìrì bá tán. Àti pé iye ọdún tó sọ yẹn, ìwọ̀n mélòó lójúmọ́ ló fi ṣírò rẹ̀, ní ìgbóná wo. Ẹ tún bi í pé, bí ẹ bá dá owó oṣooṣù dúró, ṣé sẹ́ńsọ̀ tẹ́ ẹ ti fowó yín rà á ṣì máa sọ̀rọ̀. Ẹ ní kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn.